Bí Oògùn Ṣe Ń Wọ Ilé Bakitéríà Tó Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Bakitéríà tí ẹ ń wò nínú àwòrán yìí ni wọ́n ń pè ní Acinetobacter baumannii. Ilé ìwòsàn ló sábà máa ń fi ṣe ibùba, pàápàá lára aláìsàn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò ni kò sì ràn án mọ́. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ṣírò rẹ̀ pé, ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn ni àwọn bakitéríà tí oògùn kò ràn pa ní tààrà káàkiri àgbáyé.

Awọ méjì ló bo bakitéríà yìí. Àwọn ihò ara awọ òde tóóró débi pé ọ̀pọ̀ oògùn kì í ráyè kọjá. Èyí tó bá sì jàjà wọlé, àwọn pọ́ǹpù kéékèèké ara rẹ̀ lè tú u dà síta, tàbí kí àwọn ẹ́ńsáìmù rẹ̀ bà á jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ kankan. Lójú tèmi, ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé ni cefiderocol, tí ilé iṣẹ́ Shionogi ti ilẹ̀ Japan ṣe, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní ọdún 2019. Bakitéríà kò lè dàgbà láìsí èròjà irin, bẹ́ẹ̀ ara wa a máa fi irin pamọ́ kí bakitéríà má baà rí i. Nítorí náà, yóò rán èròjà kan jáde, bí ìgbà tí ènìyàn rán ọmọ níṣẹ́, pé kó lọ wá irin wá. Tí ìránṣẹ́ náà bá gbé irin dé, ilẹ̀kùn kan yóò ṣí fún un. Àwọn onímọ̀ wá so ohun tó jọ ìránṣẹ́ yìí mọ́ oògùn lára. Ó di irin mú, ó kan ilẹ̀kùn, bakitéríà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ikú wọlé. Síbẹ̀, a ti rí àwọn bakitéríà kan tó ti yí ilẹ̀kùn náà padà, kí a má tíì máa yọ̀ jù.

Ọ̀nà mìíràn ni zosurabalpin, tí ilé iṣẹ́ Roche ń ṣe. Èyí kò yọ́ wọlé lásán: ó máa ń dá ọ̀rá tí bakitéríà fi ń kọ́ awọ òde rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà, títí tí bakitéríà náà yóò fi kú. Ọdún 2024 ni àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń dán an wò lára ènìyàn.

Owó ni ìdènà tó kù, òun ló sì máa ń bí mi nínú jù. Oògùn tuntun bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà a máa fi í pamọ́ de ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí àwọn bakitéríà má baà tètè mọ̀ ọ́n. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ èrè nínú ọjà tí a kì í tà? Ilé iṣẹ́ Achaogen rí ìwé àṣẹ gbà fún oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ plazomicin ní ọdún 2018. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2019, ó ti wọ gbèsè, ó sì lọ sí ilé ẹjọ́ láti kéde pé òun kò lè san án. Ní ọdún 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó tí wọ́n ti fẹnu kò sí lọ́dọọdún fún oògùn méjì, yálà aláìsàn tó lò ó pọ̀ tàbí wọn kò pọ̀. Cefiderocol jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì.