Bí mo ṣe ń tan lésà sí ẹ̀dọ̀ eku lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlọrin la wà, nínú láàbù. NEPA ti mú iná, jẹnẹrétọ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ bá wa fara dà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bi mí títí: “Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ń tan iná pupa yẹn?” Ó dáa, ẹ wá wò ó.

Eku yìí ti sùn fọnfọn. Ìwé àṣẹ láti fi ẹranko ṣe ìwádìí ti wà nílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ẹni tí kò bá tíì gba tiẹ̀, kó lọ gbà á ná. Mo ti gé ìdá 70 nínú 100 ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kúrò, ìlànà tí àwọn olùwádìí méjì, Higgins àti Anderson, gbé jáde ní 1931. Bí wọ́n ṣe ń fi òwú di ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó gé e, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n ò ní dúró níbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù yìí, tó bá fi máa tó ọjọ́ 7 sí 10, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ nìyẹn! Ìmọ́lẹ̀ yìí, a fẹ́ kó bá a gbé ẹrù náà ni: mitochondria, ìyẹn ibi tí agbára ti ń wá nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń gbà á, tí agbára sẹ́ẹ̀lì fi ń pọ̀ sí i.

Ó yá, lésà. 660 nm ni ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tèmi, pupa fòò. Wọ́n kọ 100 mW, ìyẹn bí iná rẹ̀ ṣe lágbára tó, sí i lára. Ẹ má gbà á gbọ́! Ẹ gbé mítà tó ń wọn agbára iná sí i lẹ́nu. Ràfíù, sún fóònù mọ́bí. Ẹ rí i? 70 mW. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fojú bu nǹkan, ibi tí iṣẹ́ yín ti ń bàjẹ́ nìyí. 3 J (joule, òṣùwọ̀n iye iná tó wọlé lápapọ̀) ni mo fẹ́ fún ojú kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó. Ká ní 100 ni lóòótọ́, ìṣẹ́jú àáyá 30 ti tó. Ní 70, ó di 43. Ẹni tó bá pa á ní 30, 2.1 J ló fún un, á wá máa ní lésà ò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì ní kẹ́ ẹ rọ́ ọ sí i o. Tó bá ti pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì á dẹwọ́ ni. Endre Mester, dókítà kan ní Hungary, ní 1967, lésà tí kò lágbára ló lò tí irun fi yára hù lára eku rẹ̀.

Gọ́gù lójú, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá.

Ọgbọ́n tèmi rèé: mo máa ń kọ́kọ́ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, gọ́ọ̀sì àti omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró lójú ẹ̀dọ̀ á gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Omi tútù kọ́ o, òtútù tètè ń mú eku tí ikùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó yá: ojú kìíní, 43. Gbé e. Ojú kejì. Ẹ má fi ẹnu lésà há ẹ̀dọ̀ mọ́lẹ̀.

Eku kejì ńkọ́? Abẹ kan náà, ikùn ṣíṣí fún iye ìṣẹ́jú kan náà, lésà lórí rẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní tan án. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, kí ló fẹ́ fi èsì rẹ̀ wé?

Ẹnì kan kọ ọ́ sí abẹ́ fídíò tó kọjá pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ fún màmá òun, ṣé kóun ra tọ́ọ̀ṣì pupa? Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹ̀dọ̀ gan-an ni mo ń tan iná sí níbí. Awọ, ọ̀rá àti iṣan ló bo ti màmá. Bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ ni wọ́n torí rẹ̀ gé e, a kì í fi ohun tó ń jí sẹ́ẹ̀lì dán ibẹ̀ wò. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà ni kẹ́ ẹ bi. Kí Ọlọ́run fún màmá ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ n rán ikùn yìí. Ràfíù, gbé aṣọ gbígbóná yẹn wá, eku ti ń mi ẹsẹ̀.