Àwọn Tí London Kì Í Rí

Ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Okwe lorúkọ ẹ̀. Dókítà ni nílé, ní Lagos. Ní London, takisí ló ń wà lójú mọmọ. Tílẹ̀ bá ṣú, ó di òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ewé ló ń jẹ lẹ́nu kí oorun má baà gbé e lọ.

Fíìmù "Dirty Pretty Things" nìyí. Stephen Frears ló darí ẹ̀, ó jáde lọ́dún 2002. Chiwetel Ejiofor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, ló ṣe Okwe.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yàrá kan dí, omi ń kún bọ̀ nílẹ̀. Okwe fa ohun tó dí i jáde. Ọkàn èèyàn ni! Dókítà ni, kò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún un. Ó lọ bá máníjà. Máníjà ò bá a jiyàn. Ńṣe ló tẹ ọlọ́pàá láago, ó na fóònù sí i pé ó yá, bá wọn sọ̀rọ̀. Okwe ò lè lanu. Tó bá fọhùn, wọ́n á ní ta ni, ìwé ìgbélùú ẹ̀ dà? Mo ti wo ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà, àyà mi ṣì ń já.

Nínú òtẹ́ẹ̀lì náà, ẹni tí ò níwèé lè fi kíndìnrín ẹ̀ gba páásípọ́ọ̀tù. Láti ọdún 1989 ni òfin Britain ti ka títa ẹ̀yà ara sí ọ̀ràn, àmọ́ ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá ò rí ibi gbé ẹjọ́ lọ. Ọkùnrin ará Somalia kan ti ta tiẹ̀, ojú abẹ ń kẹ̀, kò sì lè dé ọsibítù. Okwe ló lọ tọ́jú ẹ̀ nílé. Ọmọdébìnrin kan ló ń ṣògbufọ̀ fún wọn, ọmọ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó gba ẹnu ẹ̀ kọjá.

Senay náà wà ńbẹ̀, ọmọ Turkey, tó ń tún yàrá ṣe ní bòókẹ́lẹ́. Ààbò ló ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba, wọn ò gbà kó ṣiṣẹ́. Lọ́dún tí fíìmù yìí jáde gan-an nìjọba Britain fagi lé ètò tó ń jẹ́ kí irú wọn tọrọ àyè iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 6. Kí wọ́n wáá jẹ kí ni?

Ní ìparí, òyìnbó kan bi Okwe pé báwo lòun ò ṣe rí i rí. Okwe ní àwọn làwọn ń wà wọ́n kiri, àwọn làwọn ń tún yàrá wọn ṣe. Ẹ tẹ́tí sí ohùn ẹ̀ níbẹ̀. Kò pariwo rárá.