Ọmọ Ayò Pọ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀, Síbẹ̀ Wọ́n Pa Á

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùwòran mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọpọ́n ayò sì nìyí níwájú mi. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ìbéèrè wa ni pé ṣé ìbò tí ará ìlú dì ni kí a kà tààrà láti fi yan ààrẹ, àbí kí a gba ọ̀dọ̀ aṣojú kọjá?

Ní Amẹ́ríkà, aṣojú adìbò 538 ni ó ń yan ààrẹ, ẹni tí ó bá sì ní 270 ni ó wọlé. Ìpínlẹ̀ California ní 54, ìpínlẹ̀ Wyoming ní 3. Ibi tí ẹ máa ń ṣì í mú nìyí: ẹ rò pé bí ìbò bá ṣe rí ni wọ́n ń pín àwọn aṣojú wọ̀nyí. Rárá o! Yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska, ẹni tí ó bá fi ìbò kan ṣoṣo borí ní ìpínlẹ̀ ni ó ń kó gbogbo aṣojú ibẹ̀. Mo tún un sọ: GBOGBO RẸ̀ ni ó ń kó!

Ẹ wo ọpọ́n yìí. Bàbá mi àgbà máa ń ta ayò lábẹ́ igi odán kan nítòsí Ẹnuwá, ọmọ ayò 48 ni wọ́n sì ń lò, eré mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó borí. Lọ́jọ́ kan, Bàbá jẹ 40 nínú eré àkọ́kọ́, ẹnìkejì rẹ̀ jẹ 8 péré. Nínú eré méjèèjì tí ó kù, Bàbá jẹ 23, 23, ẹnìkejì jẹ 25, 25. Bàbá ní 86, ẹnìkejì ní 58, síbẹ̀ wọ́n ní wọ́n ti pa Bàbá láyò, nítorí eré méjì ni ẹnìkejì ti borí, ẹyọ kan ni ti Bàbá. Inú bí i débi pé ó kó ọmọ ayò sínú àpò dàńṣíkí, ó sì gba ilé lọ láìkí ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi eré kọ̀ọ̀kan ṣe ìpínlẹ̀ kan: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Al Gore, tí ó díje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, gan-an nìyẹn ní ọdún 2000. Ìbò rẹ̀ fi ohun tí ó lé ní 500,000 ju ti George W. Bush lọ, ṣùgbọ́n Bush fi ìbò 537 borí ní Florida, ó sì ní aṣojú 271. Ní 2016, Hillary Clinton fi ohun tí ó lé ní 2,800,000 ìbò ṣíwájú, Donald Trump ni ó wọlé.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá ń ka ìbò tààrà, ìlú ńláńlá nìkan ni olóṣèlú yóò máa bẹ̀wò. Ìbẹ̀rù náà ní ìtumọ̀, Nàìjíríà sì ti wá nǹkan ṣe sí i láti 1979: yàtọ̀ sí pé kí ìbò ẹni pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán ìdámẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìdámẹ́rin ni mo wí, kì í ṣe pé kí ó borí níbẹ̀! Ìpínlẹ̀ 19 ni a ní nígbà náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ kì í sì í ṣe odidi: 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Shehu Shagari ní ìbò 5,688,857, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 12 péré ni Shagari ti rí ìdámẹ́rin, ilé-ẹjọ́ ni ó sì bá wa ṣírò ìyókù. Lónìí, ìpínlẹ̀ 36 ni, 24 ni ó ń béèrè.

Ní tèmi, ìbò tààrà ni mo fara mọ́, kí òfin ìdámẹ́rin sì dúró, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan. Ní 2023, ìbò 8,794,726 ni Bọ́lá Tinúbú fi wọlé, kò sì tó ìdajì gbogbo ìbò tí a dì. Ní Gánà, ẹni tí kò bá kọjá ìdajì kò tíì wọlé. Àwọn méjì tí ó ṣíwájú yóò tún figagbága. Ní 2008, Nana Akufo-Addo ni ó ṣíwájú nígbà àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n tún un dì, John Atta Mills borí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò tó ìbò 41,000, wọ́n sì ka ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè náà pọ̀ sójú kan.