Ẹ Má Tíì Dìde! Bí A Ṣe Ń Wo Àṣàyàn Fíìmù Kánádà ní Toronto

Ẹ jókòó. Mo ní ẹ jókòó! Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lójú àwòrán, ẹ ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ àga. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òní ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ bọ̀.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àjọ TIFF, àjọ tó ń ṣe ayẹyẹ fíìmù àgbáyé ní Toronto, máa ń kéde fíìmù gígùn mẹ́wàá àti fíìmù kúkurú mẹ́wàá tí wọ́n kà sí ààyò nínú ohun tí àwọn ará Kánádà ṣe lọ́dún yẹn. Canada's Top Ten ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí òtútù Toronto bá ń bu èèyàn jẹ létí, wọ́n á wá fi àwọn fíìmù náà hàn ní TIFF Lightbox, ilé sinimá tó wà níbi tí òpópónà King ti pàdé John. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ṣe fíìmù máa ń wá síbẹ̀ fúnra wọn. Bí fíìmù bá parí, wọ́n á bọ́ síwájú, wọ́n á bá èrò sọ̀rọ̀.

Ẹ dúró ná. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí ni?" Rárá o! Ti oṣù Kẹsàn-án nìyẹn, ayẹyẹ ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976. Òun la mọ̀ dáadáa, torí ó ti kàn wá. Ní 2016, Èkó ni ìlú tí wọ́n yàn láti pọ́n lé níbẹ̀; ìgbà yẹn ni Kemi Adetiba gbé The Wedding Party lọ. Ní 2022, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi Ẹlẹ́ṣin Ọba hàn fún aráyé, fíìmù tí wọ́n fi Yorùbá ṣe. Biyi Bandele tó darí rẹ̀ kò dúró rí i, oṣù Kẹjọ ló papò dà. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ti ìgbà òtútù tí mò ń sọ yìí yàtọ̀. Gbogbo ayé ló ń jìjà dù ti oṣù Kẹsàn-án, ti onílé nìkan sì ni èyí. Ẹ tún má fi pe ìwé orúkọ kejì, èyí tí wọ́n ń ṣe bí ọdún mẹ́wàá bá yí po, láti 1984, tí wọ́n fi ń to fíìmù Kánádà tó dára jù láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. TI ỌDÚN KAN ni tiwa. Ó tán.

Ó dáa. Kí ló ń jẹ́ fíìmù Kánádà gan-an? Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí ju oúnjẹ lọ. Ọ̀pọ̀ fíìmù Amẹ́ríkà tí ẹ ti wò, tí ẹ rò pé New York lẹ ń rí, Toronto ni. Chicago tó gba Oscar, Toronto ni wọ́n ti yà á! Àmọ́ ìyẹn ò sọ ọ́ di ti Kánádà. Pé wọ́n ya fíìmù nínú àgbàlá yín kò sọ ọ́ di ọmọ yín.

Ìjọba Kánádà ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ fíìmù tó tọ́ sí ìrànwọ́ owó orí, máàkì mẹ́wàá sì ni. Bí olùdarí bá jẹ́ ọmọ Kánádà, máàkì méjì. Ẹni tó kọ ìtàn, méjì. Òṣèré tó ṣíwájú, ọ̀kan. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan. Ẹni tó di kámẹ́rà mú, ẹni tó gé àwòrán tó sì tò ó pọ̀, ẹni tó ṣe orin, ẹni tó ṣètò bí ibi eré ṣe máa rí: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹyọ kan. Máàkì mẹ́fà ló kéré jù. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí wọ́n bá tiẹ̀ kó mẹ́fà jọ, olùdarí tàbí òǹkọ̀wé, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Kánádà. Ọ̀kan nínú òṣèré àgbà méjèèjì náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Kánádà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn pawọ́ pọ̀ ṣe é lábẹ́ àdéhùn ìjọba sí ìjọba, òfin mìíràn ni wọ́n á lò, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Kò sẹ́ni tó bèèrè èdè tí wọ́n sọ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dùn! Nínú ìwé orúkọ ti 2024, Universal Language ti Matthew Rankin wà níbẹ̀. Ìlú Winnipeg ní Kánádà ni, yìnyín gbogbo, ṣùgbọ́n èdè Persia àti Faransé ni gbogbo ará ìlú ń sọ, àfi bíi pé ayé ti yí po lóru. Fíìmù Kánádà ni, Kánádà pọ́nńbélé. Ti 2023 ńkọ́? BlackBerry ti Matt Johnson! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo BB nígbà yẹn, tẹ́ ẹ ń gba pin lọ́wọ́ ara yín lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, tẹ́ ẹ ń "ping" ara yín títí ilẹ̀ fi mọ́, Waterloo ní ìpínlẹ̀ Ontario ni fóònù yẹn ti jáde. Ìtàn bí ó ṣe gòkè, tí ó sì já bọ́, ni fíìmù náà. Èmi rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́ fún wọn.

Ẹ ṣeun. Ó yá, iṣẹ́ dé.

Nínú ìwé orúkọ àkọ́kọ́, ti 2001, Atanarjuat wà níbẹ̀. Zacharias Kunuk ló darí rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Inuit láti ìlú Igloolik ní Kánádà, lápá àríwá pátápátá níbi tí igi kì í hù. Èdè Inuktitut ni wọ́n sọ nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ tí wọ́n sì ṣe ní èdè náà. Ó gba Caméra d'Or, ẹ̀bùn fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí olùdarí ṣe, níbi ayẹyẹ fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún yẹn. Níbì kan, ọkùnrin kan sá àsálà lórí yìnyín òkun, ìhòhò ọmọlúwàbí, ẹsẹ̀ lásán, àwọn tó fẹ́ pa á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó rí i, ara yín á bù máṣọ. Ẹ ó máa bi ara yín pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe èyí tí òṣèré náà ò fi kú?

Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti fi bí wọ́n ṣe yà á hàn? LẸ́YÌN TÍ FÍÌMÙ PARÍ! Bí orúkọ òṣìṣẹ́ ti ń kọjá, àwòrán àwọn tó ya fíìmù wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ òtútù wọn àti kámẹ́rà wọn lórí yìnyín kan náà. Ẹni tó ti sá lọ wá ọkọ̀ kò rí i.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Brampton, ìlú tó wà nítòsí Toronto, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó wo fídíò yìí. Bó bá ti kù díẹ̀ kí fíìmù parí, ó ti wọ kóòtù tán. Ó ní ọkọ̀ ojú irin á lọ fi òun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀! Olùdarí fíìmù tó dúró síwájú yín yẹn, ìgbà wo lẹ tún máa rí i?

Ẹ wò ó. Ká ní ẹ lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Ẹ sọ ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn sí owó lẹ́nu, ẹ fi kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Baba dá a, odù yọ. Ó ki ẹsẹ̀ kan, ó ki èjì, ohùn rẹ̀ dùn, orí yín wú. Ẹ wá dìde, ẹ gbọn aṣọ, ẹ ní "Baba, ẹ kú iṣẹ́, ó dùn gan-an," ẹ bá tiyín lọ. Ire ni àbí ibi? Ẹ ò gbọ́. Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ rú? Ẹ ò mọ̀. Ẹsẹ̀ Ifá tí ẹ gbọ́ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ torí rẹ̀ wá ṣì wà lẹ́nu Baba! Ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ bá dìde kí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ MÁ DÌDE. Mo máa tún un sọ. Ẹ MÁ DÌDE!

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í, àní gbogbo yín, nìyí: kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi fíìmù hàn ni ẹni tó ṣe é máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọjọ́ àti aago. Bí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n á kọ ọ́. Ẹ máa ń sáré mú ọjọ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ á wá débẹ̀, ẹ á máa wojú ògiri, ẹ á ní wọ́n tàn yín. Kò sẹ́ni tó tàn yín. Ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ wá tún iṣẹ́ tiyín tò.

Fíìmù kúkurú ńkọ́? Ẹ lọ wò ó. Wọ́n máa ń fi púpọ̀ hàn pọ̀ ní ìjókòó kan. Bó bá jẹ́ ọjọ́ àlejò, olùdarí bíi mélòó kan lè tò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàyí o, wọ́n ti gbé máìkì dé. Áà, ẹ̀yin èèyàn mi. A mọ ọ̀rọ̀ sọ, èyí gan-an ló ń kó bá wa. Ẹnì kan á gba máìkì, á kí olùdarí, á kí àgbààgbà tó wà ní ìjókòó, á sọ ìgbà tóun dé Kánádà, á ní "mi ò tiẹ̀ ní ìbéèrè, mo kàn fẹ́ fi kún un ni." Fi kún kí ni? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún gbogbo wa!

Ìbéèrè tó dára kì í gùn, ojú ibì kan pàtó nínú fíìmù ló sì máa ń wò. Ẹ jẹ́ ká mú Brother ti Clement Virgo, èyí tó wà nínú ìwé orúkọ ti 2022. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni, ọmọ ìyá kan tó wá láti erékùṣù Caribbean, ní Scarborough, apá kan nínú Toronto, láyé 1990. Ẹni tó bá tọ́mọ nílẹ̀ òkèèrè tó wò ó, tó lóun ò sunkún, irọ́ ló ń pa. Bí ẹ bá bá Virgo pàdé, tí ẹ bi í pé "Kí ló mú yín ṣe fíìmù yìí?", èsì tó ti sọ fún àwọn oníròyìn láìmọye ìgbà ni ẹ máa gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í nípa ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ náà ti dúró nídìí òpó iná ìjọba gàgàrà, tí wọ́n fẹ́ gùn ún: "Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ lẹ fi ṣílẹ̀kùn ìtàn? Ta ló gun òpó yẹn?" Ojú rẹ̀ á là. Á sọ ohun tí kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ bi wọ́n léèrè owó, ẹ bèèrè! Kì í ṣe ọ̀yájú. Kunuk tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òkúta tó gbẹ́ lére ló tà kó tó fi ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1981. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, tó fẹ́ di olùdarí lọ́la, ń wá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín lórí rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé olùdarí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó bá ń jáde lọ, ẹ kí i, ẹ ya fọ́tò bó bá gbà. Ẹ MÁ GBÉ ÌWÉ ERÉ TÍ Ẹ̀YIN KỌ LÉ E LỌ́WỌ́. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí ẹni tó ṣe é, ojú ló tì mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn, ní Peckham, ní Houston, tẹ́ ẹ ń sọ pé Toronto jìnnà: ẹ wọ nfb.ca, ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba Kánádà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1939. Ọ̀pọ̀ fíìmù wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún wá Isuma, ilé iṣẹ́ tí Kunuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1990, iṣẹ́ àwọn ará Igloolik wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èdè Inuktitut lẹ máa gbọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á máa kọjá lábẹ́ àwòrán. Bó bá parí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn kọjá tán kẹ́ ẹ tó pa á.