Ta Ló Ronú, Ta Ló Pìwàdà? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí A Clockwork Orange

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ máa bọ̀ níwájú. Ìwé la fẹ́ sọ, a ò ní gba ọrẹ lónìí.

1962 ni ìwé ìtàn àròsọ Anthony Burgess yìí, A Clockwork Orange, jáde. Ilé Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí ní Manchester. Ó fi ìjọ sílẹ̀, àmọ́ àríyànjiyàn ìjọ kò fi í sílẹ̀. Ẹ ti kà á, mi ò ní tún un sọ látòkèdélẹ̀. Alex, ọmọ ọdún 15, pa ìyá arúgbó kan, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 14. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjọba ní àwọn ní ìtọ́jú tí yóò sọ ọ́ di èèyàn gidi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí, torí inú bí wọ́n ṣe ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹun tán, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní fítámì ni. Wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ tì í lọ síbi sinimá, wọ́n á de ọwọ́, ẹsẹ̀ àti orí rẹ̀ mọ́ àga, wọ́n á sì fi nǹkan há ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè kó má lè pajú dé. Sinimá á bẹ̀rẹ̀: lílu èèyàn, ìfipábánilòpọ̀, ìpànìyàn. Oògùn á dé inú rẹ̀, èébì á máa gbé e. Nígbà tó yá, wọn ò gún un mọ́, èébì náà kò sì lọ. Ara ti so méjèèjì pọ̀, bí ajá tí Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, kọ́ tó fi ń da itọ́ kí oúnjẹ tó dé.

Kí ni wọ́n fọwọ́ kàn? Ikùn ni. Wọn ò dé ọkàn. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú àwọn èèyàn ńlá, tí ọkùnrin kan ń fìyà jẹ ẹ́, abẹ ìfárí tó wà lápò ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ìfẹ́ ibi ṣì wà níbẹ̀ digbí, inú rírú ló kàn dí i lọ́nà. Ló bá ń lá bàtà ẹni tó ń lù ú kí ara lè tù ú. Dókítà Brodsky, tó ń darí ìtọ́jú náà, wá ń yangàn pé Kristẹni tòótọ́ rèé, tó ṣe tán láti yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì!

Kristẹni wo? Ewúrẹ́ tí a so mọ́gi tí kò jẹ iṣu wa, ṣé a máa yìn ín ni? Mátíù 26:53: Jésù ní òun lè ké sí Baba, kó fi áńgẹ́lì tó ju légíónì méjìlá ránṣẹ́. Ó lè ṣe é, kò ṣe é. Ìwà tútù nìyẹn. Èdè wa gan-an ti dá Brodsky lóhùn: ìrònúpìwàdà. Ronú, kó o tó pa ìwà dà. Gíríìkì náà ní metanoia, ìyípadà èrò. Ẹ yọ "ronú" kúrò, kí ló kù? Èébì.

Àlùfáà ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan ló dìde sọ ọ́ pé ọmọ yìí kò ní yíyàn mọ́. Ọ̀mùtí ni, mo gbà. Ọlọ́run ti gba ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù sọ̀rọ̀ rí. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kí ìwà ọ̀daràn ṣáà dínkù. Mo rí àwọn tó ń mi orí lẹ́yìn yẹn: "bí ìgboro bá ṣáà ti tòrò." Mo mọ̀ yín.

Orin Beethoven, tí Alex fẹ́ràn, wà lábẹ́ sinimá kan, ó sì bá èébì lọ. Alex, apànìyàn, ló kígbe pé ẹ̀ṣẹ̀ ni! Ẹ ò lè fa ìbínú tu kí ìfẹ́ orin má bá a tu. Esekíẹ́lì 36:26 gba ọ̀nà òdìkejì: Ọlọ́run mú ọkàn òkúta kúrò, ó fi ọkàn ẹran sí i. Ọkàn ẹran a máa dunni.

Ibí ni ìyá kan ti nawọ́: "Ọ̀gá, ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ Sọ́ọ̀lù kó tó ṣubú lọ́nà Damásíkù? Ṣé ìyẹn kì í ṣe abẹ́rẹ́ Ọlọ́run?"

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ti tú ẹrù mi ká. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ lórí Pelagius, ará Britain tó ní èèyàn lè fúnra rẹ̀ yan rere, àti Augustine tó ní ìfẹ́-inú wa ń ṣàìsàn, oore-ọ̀fẹ́ ló ń wò ó. Ìpàdé àwọn aṣáájú ìjọ ní Carthage ní 418 dá Pelagius lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n pa ìyẹn tì. Ìmọ́lẹ̀ bi Sọ́ọ̀lù ṣubú lóòótọ́, ó fọ́jú fún ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ ìbéèrè ni Jésù fi bẹ̀rẹ̀: "Èéṣe tí ìwọ fi ń ṣe inúnibíni sí mi?" Abẹ́rẹ́ kì í bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Nínú Ìṣe 26:19, Pọ́ọ̀lù ní òun kò ṣàìgbọràn sí ìran náà, ìyẹn ni pé àyè àìgbọràn wà. Augustine á ní ìgbọràn yẹn pàápàá, ẹ̀bùn ni. Mi ò ní bá a jà.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Orí 21, orí tó kẹ́yìn ìwé náà, kíákíá: Burgess fi 21 ṣe àmì ọjọ́ orí àgbà. Atẹ̀wé Amẹ́ríkà gé orí tó gbẹ̀yìn, sinimá tí Kubrick fi ìwé náà ṣe ní 1971 náà kò fi í sí i, 1986 ni wọ́n tó dá a padà síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo sinimá nìkan, ẹ ò tíì bá Alex níbi tó ti ronú. Ó ti pé ọdún 18, lílu èèyàn ti sú u, ó ń fẹ́ ìyàwó àti ọmọkùnrin. Ó sì ní ọmọ yẹn lè pààyàn bí òun ṣe pa á, òun ò ní lè dá a dúró. Ó ronú, mo gbà. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.