Kí Ìlú Tó Dìbò Ni Owó Ti Dìbò Tirẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe níbi àpérò kan lórí ètò ìdìbò ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo ti gé àtúnsọ kúrò, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó já lu ọ̀rọ̀ mi láàárín, mo fi í sílẹ̀ síbi tó ti wáyé.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, mo kí yín, mo sì tọrọ àyè lọ́dọ̀ yín. Owó àti ìdìbò ní Nàìjíríà ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí: kí n dúró síbí kí n máa bú àwọn tó gba ẹgbẹ̀rún díẹ̀ náírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ìdìbò. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. A óò dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Owó tó ń ba ìdìbò wa jẹ́ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tẹ̀ka. Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé ìdìbò? Ibẹ̀ ni owó ti ń dìbò tirẹ̀, a kì í sì í pè wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ díje lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2023 ń bọ̀, 100 mílíọ̀nù náírà ni ẹgbẹ́ APC ń ta fọ́ọ̀mù ààrẹ: 30 mílíọ̀nù fún ti ìfìfẹ́hàn, 70 mílíọ̀nù fún ti ìdíje gan-an. Ti gómìnà jẹ́ 50 mílíọ̀nù, ti sẹ́nétọ̀ 20 mílíọ̀nù, ti Ilé Aṣojú-ṣòfin 10 mílíọ̀nù. PDP ń ta ti ààrẹ ní 40 mílíọ̀nù; ẹ má pe ìyẹn náà ní owó pọ́ọ́kú o. Lọ́dún 2022 tí à ń sọ yìí, 30,000 náírà lóṣù ni owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ náà má jẹun, kó má wọkọ̀, kó má san owó ilé, kó máa tọ́jú gbogbo owó oṣù rẹ̀ pátá, nǹkan bí ọdún 278 ni yóò fi tọ́jú owó kó tó lè ra fọ́ọ̀mù ààrẹ kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí fọ́ọ̀mù náà wà fún. Owó tí àjọ tó ń dá iye owó oṣù àwọn aláṣẹ, ìyẹn RMAFC, kọ sílẹ̀ fún ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, owó oṣù àti àjẹmọ́nú papọ̀, jẹ́ nǹkan bí 14 mílíọ̀nù lọ́dún. Ọdún mẹ́rin yóò jẹ́ mílíọ̀nù 56. Ta ló ń kó 100 mílíọ̀nù sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí gbogbo owó rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 56 lọ? A ò sì tíì ka pátákó, ọkọ̀ òfuurufú, aṣọ ẹgbẹ́, rédíò àti àwọn èrò tó ń tẹ̀ lé e kiri o. Fọ́ọ̀mù nìkan là ń sọ. Ẹni tó san án mọ ibi tí yóò ti gbà á padà. Bí kò bá sì jẹ́ òun ló san án, ẹni tó bá a san án mọ̀ ọ́n.

Àwọn agbẹnusọ ẹgbẹ́ máa ń ní owó ńlá yìí ló ń lé àwọn tí kò ṣe tán láti díje sẹ́yìn. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí ó fi sú mi, irọ́ ni. Ó lé ní ogún èèyàn tó ra fọ́ọ̀mù 100 mílíọ̀nù náà. Nígbà tó di alẹ́ ìdìbò abẹ́lé ní Eagle Square, l'Ábújá, nínú oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn kan nínú wọn gun orí pèpéle, wọ́n gba gbohùngbohùn, wọ́n ní àwọn ti juwọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣé àwọn wọ̀nyẹn ni owó yẹn sẹ́ jáde bí ẹni tó ṣe tán láti díje? Àwọn tí owó lé sẹ́yìn ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò kékeré tó ń gba ẹjọ́ àwọn tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́, àti àgbẹ̀ tí gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ̀ ń tọ̀ wá fún ìmọ̀ràn.

Lọ́dún 2014 tí fọ́ọ̀mù ààrẹ APC jẹ́ mílíọ̀nù 27 ààbọ̀, Muhammadu Buhari fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé báńkì lòun ti yá owó tóun fi rà á. Ọ̀gágun tó ti ṣe olórí ìjọba rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Lọ́dún 2018 ó ti di mílíọ̀nù 45. Lọ́dún 2022 ó di 100. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 yìí kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó dín ọjọ́ orí àwọn olùdíje kù, tí ẹni ọdún 35 fi lè díje fún ààrẹ, tí ẹni ọdún 25 fi lè lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Àwọn ọ̀dọ́ jó, mo bá wọn jó. Bí òfin ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn náà ni owó fọ́ọ̀mù ń tì í padà. Wọ́n ní àwọn ro ti obìnrin mọ́ ọn, pé fọ́ọ̀mù ìfìfẹ́hàn nìkan ni kí wọ́n san owó rẹ̀. Mílíọ̀nù 30 nìyẹn fún obìnrin tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ. Àánú wo ló wà níbẹ̀?

Ẹnì kan lè ní kí ẹni tí kò lówó lọ dá díje. Kò sí ààyè rẹ̀. Abala 221 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ti sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lè polongo ìbò fún olùdíje. Ẹni tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ wọlé kò níbi tí yóò gbà, àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà ló sì ń bu owó ìwọlé.

Nǹkan míì tí kò yẹ ká gbàgbé: lọ́dún 2022 náà, àwọn darandaran kan ní àwọn ra fọ́ọ̀mù APC fún Goodluck Jonathan. Jonathan ní òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, kò sì gba fọ́ọ̀mù náà. Àwọn darandaran, àwọn àgbẹ̀, àwọn "ọ̀rẹ́": irú orúkọ tí wọ́n ń dá fún owó tí kò fẹ́ kí á mọ bàbá òun nìyẹn. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sì sọ ọ́ gedegbe pé ẹnì kan tàbí iléeṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ dá ju 50 mílíọ̀nù náírà lọ fún olùdíje kan. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù 100 mílíọ̀nù tí wọ́n ní ẹgbẹ́ kan rà tọrẹ.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni àwọn aṣojú, tí wọ́n ń pè ní dẹ́lígéètì. Orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn olùdìbò fún ọdún 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó dìbò abẹ́lé PDP láti yan ẹni tí yóò díje fún ààrẹ kò tó 800. Ti APC kò tó 2,500. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, wọn kò kún gbọ̀ngàn ńlá kan. Ìròyìn dọ́là tí wọ́n ń pín fún wọn gba ìlú kan débi pé EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìdìbò abẹ́lé PDP l'Ábújá. Bí mo bá lówó, tí mo sì fẹ́ ra ìjọba, kí ni mo fẹ́ fi mílíọ̀nù 93 èèyàn ṣe? Àwọn 800 náà ti tó mi.

Ibí ni bàbá kan láàárín èrò ti nawọ́, kò sì dúró kí alága pe òun. Ó ní: "Ọmọ mi, dúró ná. Ṣé òtòṣì ni Abíọ́lá ni? Nínú ayé ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló lówó tó o? Òun náà la sì dìbò fún ní June 12, kò sí ẹni tó kábàámọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí o fi ń bá olówó jà?" Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò bá olówó jà, sà. Ìbéèrè yín sì ti gbé mi fò kọjá ohun mẹ́ta tí mo kọ sínú ìwé mi, nítorí òun gan-an ló yẹ ká tú wò.

Abíọ́lá lówó, òótọ́ ni. Bashir Tofa tó bá a díje náà lówó, oníṣòwò ńlá ni ní Kánò. Nígbà tí olówó dojú kọ olówó, owó kò ṣe ìyàtọ̀ mọ́ láàárín wọn, nǹkan míì ni àwọn èèyàn ń wò. Ẹ rántí pé Abíọ́lá na Tofa ní Kánò, ní ìlú Tofa fúnra rẹ̀. Owó kọ́ ló ṣe ìyẹn. Ìjọba ológun Babangida ló dá ẹgbẹ́ SDP tí Abíọ́lá bá díje àti NRC tí Tofa bá díje sílẹ̀ lọ́dún 1989, òun ló kọ́ ọ́fíìsì fún wọn káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, òun ló ń fún wọn lówó. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ológun padà wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wa, ká má rí i! Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé ẹnì kan nígbà náà. Owó náà kò sì gba Abíọ́lá nígbà tí ilé gbóná. Wọ́n fagi lé ìbò náà ní June 23, 1993, wọ́n tì í mọ́lé, àhámọ́ ló sì kú sí ní July 7, 1998. Bó bá jẹ́ owó rẹ̀ la dìbò fún ni, a ò ní máa sunkún rẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ìwé ìdìbò ọjọ́ náà. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, olówó sì ni àwọn méjèèjì. Inú wa dùn sí èyí tí a mú, ó sì tọ́ kí inú wa dùn. Àwọn tí kò lówó tó wọn ńkọ́, tí ọgbọ́n wọn àti ìwà wọn dára tó bẹ́ẹ̀? A ò rí orúkọ wọn ká tó sọ pé a kò fẹ́ wọn.

Àwọn kan máa ń ní olówó kò ní jí owó ìlú torí ó ti ní tirẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ yọ èrò yìí kúrò lọ́kàn. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ díje ka owó náà sí ìdókòwò. Ibi tí ìlú ti ní ẹlòmíì láti mú nìkan ni owó bẹ́ẹ̀ ti ń já kulẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Michael Bloomberg ná ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún 2020 láti gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Democrat. American Samoa, erékùṣù kékeré kan lábẹ́ Amẹ́ríkà, nìkan ló ti borí. Meg Whitman ná ju 140 mílíọ̀nù dọ́là owó ara rẹ̀ lọ́dún 2010 láti ṣe gómìnà California, Jerry Brown sì fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Kí ló fà á? Orúkọ ẹlòmíì tí aráàlú fẹ́ wà níwájú wọn. Àwọn tó yan Bloomberg tì jẹ́ mílíọ̀nù àìmọye ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Bó bá jẹ́ 800 aṣojú nínú gbọ̀ngàn kan ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ì bá ṣe parí.

Alága ti ń na ìwé sí mi pé àkókò ń lọ, torí náà mo fẹ́ sáré lórí àwọn yòókù.

"Dìbò kó o sebẹ̀." Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, pàápàá láti ìgbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní oṣù keje ọdún 2018. Ẹni tó ń pín owó á dúró lápá kan, ẹni tó fẹ́ gbà á á ṣí ìwé ìdìbò rẹ̀ díẹ̀ kí aṣojú ẹgbẹ́ rí i, tàbí kó fi fóònù ya á níbi ìkọ̀kọ̀ tí ó ti ń tẹ̀ka. Ìdí nìyẹn tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, fi ní kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù débẹ̀ mọ́. Mo ti bá àwọn tó gbà á sọ̀rọ̀. Bíríkìlà kan sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo bá dìbò fún nínú wọn, kò mọ̀ mí. Ìyẹn tí mo rí gbà lónìí nìkan ni tèmi." Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó yan orúkọ fún un kò bi í léèrè. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sì ní kí ẹni tó ta ìbò rẹ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó 500,000 náírà. Olùdíje ààrẹ tó bá ná ju bílíọ̀nù márùn-ún tí òfin ọdún 2022 gbà láyè ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ náà kò ju oṣù 12 lọ, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lára bílíọ̀nù márùn-ún náà, ìyẹn 50 mílíọ̀nù. Ìdajì owó fọ́ọ̀mù.

Nípa náírà tuntun ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023: Buhari sọ nínú ọ̀rọ̀ tó bá aráàlú sọ ní oṣù kejì pé ó ti dín agbára owó kù nínú òṣèlú. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń tò sẹ́nu báńkì láti òru ni àwọn tó ń ta ata àti àwọn oníkẹ̀kẹ́. Mi ò rí olówó kankan lórí ìlà.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí òfin dá iye tí ẹgbẹ́ lè ta fọ́ọ̀mù, kó so ó mọ́ owó oṣù tó kéré jù lọ. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní káàdì máa dìbò abẹ́lé ní wọ́ọ̀dù wọn. Abala 228 ìwé òfin gbà kí ìjọba máa fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó ìrànwọ́ láti ọwọ́ INEC. Kí wọ́n lò ó, kí wọ́n sì máa gbé ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ tó bá gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ síta fún gbogbo wa. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni kí wọ́n tún abala 221 ṣe, kí ẹni tí ìlú rẹ̀ fẹ́ lè dá díje láìsí ẹgbẹ́.

Ọmọdébìnrin kan béèrè kí á tó túká pé ta ni yóò bá wa ṣe é, nígbà tó jẹ́ àwọn tó ra fọ́ọ̀mù náà ló wà nílé aṣòfin. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo dá a lóhùn pé ilé aṣòfin tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù wọ̀ náà ló dín ọjọ́ orí kù lọ́dún 2018, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìdá méjì nínú mẹ́ta nílé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá la nílò, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Ábújá jìnnà, ṣùgbọ́n aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ń ṣojú àdúgbò yín ní ọ́fíìsì nítòsí, ó sì ní ọjọ́ tó ń wá sílé. Mo ní kó lọ bá a kí ọdún yìí tó parí, kó mú èèyàn ogún dání, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn bóyá yóò dìbò fún àtúnṣe abala 221 tàbí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.