Inú Ìwé Orúkọ Ni Ìdìbò Ẹgbẹ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń wò wá láti Kubwa, Nyanya, Lugbe àti Gwagwalada, títí dé Kàdúná, Kánò àti Jọ́ọ̀sì, ẹ kú ìjókòó o. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti bí a ṣe ń yan àwọn tí yóò darí rẹ̀ ni a fẹ́ là yé ara wa lónìí, nítorí pé agbára káká ni a fi lè rí Yorùbá tó pẹ́ ní òkè Ọya tí kò ní ẹgbẹ́ kan tó ń sanwó sí, agbára káká náà sì ni a fi lè rí ẹgbẹ́ tí ìdìbò kò tíì dá ìjà sílẹ̀ nínú rẹ̀ rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìwé tí mo ṣí síwájú yín yìí. Ìwé akọ̀wé owó ni. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lápá òsì, mo sì ti fi bébà bò wọ́n. Àpótí méjìlá ló tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìlà kẹrin. Bírò búlúù ni wọ́n fi kọ owó oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹta, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, bírò dúdú ni, ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ wá wo ìlà karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje: bírò dúdú kan náà, ọjọ́ kan náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò ni ọjọ́ náà. Ẹnì kan tó ń du ipò alága ló kó owó wá, tó san gbèsè oṣù méje fún àwọn ènìyàn tí ojú wọn ti di ojú àlejò ní ìpàdé, kí wọ́n lè dìbò fún un.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Odidi ọdún kan lẹ́yìn ìdìbò náà ni apá kan fi ń ṣe ìpàdé nínú kíláàsì ilé-ìwé tí a máa ń lò, tí apá kejì ń ṣe tiwọn lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà kan náà. Ọlọ́dẹ ilé-ìwé nìkan ló jèrè, nítorí apá méjèèjì ló ń fún un lówó. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ka ìbò ọjọ́ náà dáadáa, kò sí ẹni tó lé e tàbí tó dín in. Ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ pé ẹni tí kò jẹ gbèsè ló lè dìbò, ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́ tí a ó ti ìwé orúkọ àwọn olùdìbò pa, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n gbà wọlé.

Nítorí náà, bí ìdìbò yóò bá wáyé ní ìpàdé oṣù kẹwàá, kí òfin yín là á kalẹ̀ pé gbogbo owó tó lè sọ ènìyàn di olùdìbò gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ìpàdé oṣù kẹsàn-án tó parí, kí akọ̀wé owó ka orúkọ àwọn tó kúnjú ìwọ̀n sétí gbogbo ilé lọ́jọ́ náà, kí ẹni tí wọ́n bá sì fo orúkọ rẹ̀ mú rìsíìtì rẹ̀ jáde níbẹ̀. Owó tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ yóò gbà á, gbèsè ni, ṣùgbọ́n kò ní sọ ẹni tó san án di olùdìbò lọ́dún náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní èyí ti le jù fún ọmọ ìyá, pé ìlú kan náà la ti wá. Àwọn ọmọ ìyá náà ló lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti àkókò kò kéré fún àwa tí a wà ní Àbújá. Àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní ọjà Dei-Dei kì í fẹ́ fi Sátidé sílẹ̀, àwọn Onígbàgbọ́ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn Mùsùlùmí sì gbọ́dọ̀ ráyè kírun ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ti Mararaba wá, ní ìpínlẹ̀ Nàsáráwá, yóò ti máa wo aago bí ó bá ti di márùn-ún, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Nyanya. Bí ẹ bá fi ìdìbò sí ìparí ìpàdé, àwọn tí ilé wọn wà nítòsí nìkan ni yóò yan alága fún gbogbo ẹgbẹ́. Iye ènìyàn tí òfin ní ó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè múlẹ̀, ẹ kà á nígbà àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un kà nígbà tí ìbò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejìlá kò yẹ fún ìdìbò rárá. Gbogbo ènìyàn ti gbọ̀nà ilé lọ ṣọdún nígbà náà.

Ní ti àkọsílẹ̀ ìpàdé, ohun tí akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ ni àbá, orúkọ ẹni tó dá a, orúkọ ẹni tó kín in lẹ́yìn, àti ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Èébú tí wọ́n bu ara wọn kò yẹ ní kíkọ, bó tilẹ̀ dùn ún kà.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹnì kan yóò dìde, yóò ní: «Mo dábàá pé kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ tú ká.» Ẹlòmíràn yóò ní òun kín in lẹ́yìn, ilé yóò sì pàtẹ́wọ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, alága àná ti di ọmọ ẹgbẹ́ bí àwa yòókù, ó sì nira láti tún pè é síwájú kí ó wá ṣàlàyé owó. Ìdí nìyí tí ìròyìn akapò àti ti àwọn olùyẹ̀wé-owó-wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìtúká, kí ilé sì ti fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń kánjú dábàá ìtúká kí akapò tó dìde, ẹ bi í pé kí ló ń lé e.

Ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò ni yóò gba ilé lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni mẹ́ta tàbí márùn-ún tó, kí àríyànjiyàn àárín wọn má baà pín sí méjì ọgbọọgba. Ilé ni kó yàn wọ́n ní ìpàdé tó ṣáájú, kí ó má jẹ́ alága nìkan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì du ipò kankan.

Báwo ni a ó ṣe wá dìbò? Nàìjíríà ti fi ìlà yan gómìnà rí, lọ́dún 1991, tí olùdìbò ń tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́. Ètò náà yá, ojú gbogbo ayé sì rí iye ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ta ni yóò tò sí ìlà tó kọjú sí ti ẹ̀gbọ́n tó gbà á sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé Àbújá? Bébà ni mo fara mọ́. Ẹ gé e dọ́gba, ẹ lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ pe orúkọ láti inú ìwé tí a ti tì, ẹ sàmì sí orúkọ ẹni tó bá gba bébà, kí ó lọ kọ̀wé ní igun yàrá, kí ó sì jù ú sínú ike tí inú rẹ̀ hàn gbangba. Ojú gbogbo ilé ni kí ẹ ti kà á, sókè ketekete. Bí bébà inú ike bá ju iye orúkọ tí ẹ sàmì sí, ẹ fagi lé ìbò ipò náà, kí ẹ tún un dì lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń dìbò lórí WhatsApp báyìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́ wò yóò rí orúkọ ẹni tó yan ta ni. Ìlà ọdún 1991 náà nìyẹn, lórí fóònù.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Maitama, ẹ rántí pé àwọn olùtọ́jú ohun-ìní ẹgbẹ́ tí CAMA, òfin ọdún 2020 lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, mọ̀ yàtọ̀ sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Ìdìbò alága kò pààrọ̀ àwọn olùtọ́jú. Òfin náà fẹ́ kí ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ bí a ṣe ń yàn wọ́n, iye ọdún tí wọn yóò lò, bí a ṣe ń ṣe ìpàdé, àti bí a ṣe ń tọ́jú ìṣirò owó. Ìròyìn ọdọọdún sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ CAC láàárín ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà sí ìparí ọdún, iṣẹ́ tí àwọn olóyè tuntun sábà máa ń gbàgbé.

Ó ku gbígba iṣẹ́. Báńkì sábà máa ń béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti yan àwọn olóyè tuntun kí wọ́n tó pààrọ̀ àwọn tó ń buwọ́ lùwé owó, nítorí náà kí akọ̀wé àná má kúrò níbẹ̀ láìparí rẹ̀. Kí wọ́n ka ìwé rìsíìtì tó ṣẹ́kù, kí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ lójú ilé. Ní ti ìwé tí a ṣí níbẹ̀rẹ̀ ètò yìí, kí akọ̀wé owó àná fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn, kí òun àti ẹni tó gba ipò rẹ̀ buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i.